Káńsù ò fún ẹ̀gbọ́n mi lówó olùrànlọ́wọ́, ṣé ká wá ẹni tó mọ ọ̀gá wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní England, rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. A gbọ́ pé owó kan wà tí káńsù máa ń san, téèyàn á fi fúnra ẹ̀ gba ẹni tí á máa wẹ̀ fún un, tí á máa wọṣọ fún un. Wọ́n bèèrè, káńsù ní rárá, pé wọ́n lè dá ṣe é. Ìyàwó wọn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ká lọ sí kóòtù, ẹnì kan ní ká wá ẹni tó mọ ọ̀gá níbẹ̀. Èwo ni ká ṣe? Àbúrò tọ́rọ̀ ká lára, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ti ẹni tó mọ ọ̀gá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ọmọ Ìbàdàn ni yín lóòótọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí òṣìṣẹ́ káńsù wá sílé wá wádìí, kí lẹ̀gbọ́n yín sọ? Torí mo mọ àwa Yorùbá, wọ́n á ní ṣé ẹ lè dá wẹ̀, àá ní "a dúpẹ́ o, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀", a ò fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ìyàwó ló ń gbé wa wọ báàfù, òyìnbó á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá yìí lè dá wẹ̀.

Care Act 2014 lòfin tí wọ́n ń lò ní England. Nǹkan 10 ni wọ́n máa ń wò, bíi ìmọ́tótó ara, wíwọṣọ, oúnjẹ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí àìlera ò bá jẹ́ kéèyàn lè ṣe 2 níbẹ̀, tó sì ń pa ìgbé ayé ẹ̀ lára gan-an, ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí i. Àti pé téèyàn bá ń ṣe é pẹ̀lú ìrora tó pọ̀, tàbí tó ń pẹ́ lórí ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fíìfíì, kò lè ṣe é nìyẹn lójú òfin! Wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí pé ìyàwó ń ṣe é kí wọ́n ní kò nílò nǹkan kan. Tó bá ti sú ìyàwó, kó sọ ọ́ jáde.

Tó bá sì jẹ́ pé káńsù ní ẹ̀gbọ́n yín ò lè bójú tó owó náà fúnra ẹ̀, òfin gbà kí ẹlòmíì ràn án lọ́wọ́.

Kí wọ́n gba ìdí tí káńsù fi kọ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá kọ lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn sí káńsù yẹn kan náà. Tí ìyẹn ò bá yanjú, ó kan Local Government and Social Care Ombudsman, ìyẹn àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù, ọ̀fẹ́ ni, kó má ju oṣù 12 lọ látìgbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe òun ló ń pín owó o, ó máa ń wò ó bóyá káńsù ṣe é bó ṣe yẹ, ó lè ní kí wọ́n tún un wò. Kóòtù wà, àmọ́ oṣù 3 péré ni wọ́n fún èèyàn, lọ́yà sì ń gbowó.

Ẹ má retí pé ìyàwó ni wọ́n á máa sanwó náà fún o, ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé kì í sábàá gbà á. Tí owó tó fi pamọ́ bá sì ju £23,250 lọ, àpò ara ẹ̀ ló máa ti san án. Ilé tó kọ́ sílé níbí náà, tó bá kọ́ ọ, wọ́n máa kà á mọ́ ọn.

Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, aago mélòó ló jí, ìṣẹ́jú mélòó ló fi wọ ṣòkòtò, ìgbà mélòó ló ṣubú. Ìyàwó ni kó kọ ọ́ o, torí ẹ̀gbọ́n yín á tún kọ "a dúpẹ́" síbẹ̀.