Ìbéèrè Yín: Lẹ́ǹsì àtijọ́ àti òdòdó igi ṣẹ́rì

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá onífótò, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lewisham, ní London, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin fún mi ní Sony A6000 ẹ̀ nígbà tó ra tuntun, èmi wá rí lẹ́ǹsì àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù charity, Jupiter-37A ni wọ́n kọ sí i lára, 135mm, mo ra àdápítà ẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e lọ sí Greenwich Park nígbà tí àwọn igi ṣẹ́rì tanná, àmọ́ gbogbo fótò tí mo yà ló rí bàìbàì, wọn ò hàn kedere, òmíì tiẹ̀ funfun jù, àwọn èèyàn sì kún ẹ̀yìn ẹ̀. Ọmọ mi ní kí n jù ú nù kí n ra èyí tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, màmá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé lẹ́ǹsì yẹn ò jẹ̀bi nǹkan kan. Ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti ṣe é, abẹ́ pẹlẹbẹ 12 ló yí ihò ẹ̀ ká nínú, ìyẹn ni ihò yẹn fi ń rí róbótó kódà tí ẹ bá ti pa á dé díẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tuntun olówó ńlá ni abẹ́ wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ba fótò yín jẹ́, àmọ́ torí pé ojú kan náà ni wọ́n jọ ń fi hàn, ẹ̀ ń rò pé fókọ́ọ̀sì nìkan ni.

Àkọ́kọ́, ọwọ́ ń gbọ̀n. Lórí A6000, 135mm ń ríran jìnnà bíi 200mm, kámẹ́rà yẹn ò sì ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró nínú ara ẹ̀, lẹ́ǹsì náà ò ní i. Tí ẹ bá wá fi sí A, níbi tí kámẹ́rà ti ń yan ìyára ṣọ́tà fúnra ẹ̀, kámẹ́rà ò mọ irú lẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu ẹ̀, 1/60 ìṣẹ́jú àáyá ló sábà máa ń mú, ta ló fẹ́ di lẹ́ǹsì gígùn bẹ́ẹ̀ mú dáadáa ní 1/60, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ní wọ́ọ̀dù látalẹ́? Ẹ yí i sí M, kí ẹ̀yin fúnra yín máa yan gbogbo ẹ̀. Tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 400 (ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), ṣọ́tà 1/500, ihò lẹ́ǹsì f/5.6, kí ẹ wá máa wo ojú kámẹ́rà, tó bá mọ́lẹ̀ jù ẹ yí ṣọ́tà sókè, tó bá ṣú ẹ gbé ISO sókè. Ẹ má jẹ́ kí ṣọ́tà bọ́ sísàlẹ̀ 1/400 rárá. ISO 1600 ò pa ẹnikẹ́ni, fótò tó gbọ̀n ni ò ṣe é tún ṣe mọ́.

Ìkejì wá ni fókọ́ọ̀sì gan-an. Lẹ́ǹsì yẹn lè sún mọ́ nǹkan tó 1.2 mítà. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ pátá ní f/3.5, ibi tó máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Sẹ̀ǹtímítà 1! Òdòdó kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì sọ ìdì kan. Tí ẹ bá dúró ní mítà 2 tí ẹ fi sí f/5.6, ó máa tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ìyẹn gba òdòdó kan, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì ṣì rọ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yí òrùka fókọ́ọ̀sì lọ, yí i bọ̀, wọ́n á kọjá ibẹ̀, wọ́n á padà, afẹ́fẹ́ á fẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ yí òrùka yẹn lẹ́ẹ̀kan sí bí ẹ ṣe fẹ́ kí òdòdó yẹn tóbi tó, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ ki ìgúnpá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ wá máa fi gbogbo ara sún síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, tí ó bá ti mú, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin léra wọn. Ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ tan Peaking, àwọ̀ tó máa ń fi etí ohun tí fókọ́ọ̀sì ti mú hàn, kí ẹ fi sí yẹ́lò torí pupa máa pòórá lórí òdòdó tó pọ́n, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tán o, ó máa ń parọ́ tí ihò lẹ́ǹsì bá ṣí púpọ̀. Focus Magnifier ni kí ẹ fi sórí bọ́tìnnì C1, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó gbé àwòrán sún mọ́ yín kí ẹ tó yà.

Ibo ni kí ẹ wá mú? Tó bá jẹ́ ṣẹ́rì tí òdòdó ẹ̀ ní ewé 5 péré, àwọn okùn tín-ín-rín tó ní orí yẹ́lò láàárín ẹ̀ ni kó mú, ojú òdòdó nìyẹn. Tó bá jẹ́ irú Kanzan, tó pọ́n, tí ewé ẹ̀ pọ̀ jántírẹrẹ, tó sábà máa ń tan lápá ìparí oṣù April ní London, okùn yẹn ò ní hàn, etí ewé tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ mú.

Ti àwọn èèyàn ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn, èmi ò kì í wo òdòdó kọ́kọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wá. Ẹ wá ibi tó ṣú, òjìji igi ńlá tàbí koríko tí oòrùn ò tíì dé, tó jìnnà sí òdòdó gan-an, ẹ wá rìn yí igi ká títí ìdì òdòdó kan á fi bọ́ síwájú ibẹ̀. Lẹ́ǹsì gígùn fẹ́ràn ká yan díẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo ọ̀nà oníṣẹ́rì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ranger's House ní páàkì yẹn pọ̀, fọ́ọ̀nù á bá yín ṣe é. Ẹ tún láǹfààní kan: wọ́n máa ń ṣí páàkì yẹn fẹ́lẹ́sẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, láàárín oṣù April oòrùn ò ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ lọ nígbà yẹn, èrò ò tíì dé, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń rọlẹ̀. Tí ẹ bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹ kàn yà níbẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn.

Àwọn tó funfun jù yẹn, oòrùn ló ń wọ ojú lẹ́ǹsì tààrà. Ohun tí wọ́n fi bo gíláàsì àtijọ́ ò le tó ti òde òní. Ẹ ra hood onírin (ìbòrí ẹnu lẹ́ǹsì tó ń dí oòrùn) tó jẹ́ 52mm kí ẹ yí i mọ́ ọn lẹ́nu, tí kò bá sí, ẹ fi ọwọ́ kan ṣíji bo òkè ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa ẹ̀ka sọ́dọ̀ yín o. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí àwọn tó ń mi igi kí òdòdó lè já lé wọn lórí torí fótò, igi tó fi odidi ọdún múra sílẹ̀ fún nǹkan tí kì í ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn. Bàbá mi fi Super-Takumar 135mm f/3.5 sílẹ̀ fún mi, inú àpò awọ ló ti ń bẹ ní wọ́dúróòbù, nǹkan kan bí okùn aláǹtakùn ti wà nínú gíláàsì ẹ̀. Ṣé ó ṣì wúlò? Nikon D5600 ni mo ní, òdòdó flamboyant iwájú ilé wa ni mo fẹ́ yà.

ÌDÁHÙN: Ó wúlò, tíṣà wa. Olú ló hù níbẹ̀, awọ máa ń gba ọ̀rinrin sára, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò yẹn lónìí. Ẹ ṣí ihò ẹ̀ pátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fọ́ọ̀nù láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó: tó bá jẹ́ etí-etí ló wà, ẹ lè má rí i nínú fótò àyàfi tí oòrùn bá kojú yín. Tó bá ti bo àárín, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú u.

Ti Nikon yẹn, ẹ ra àdápítà M42 (irú ẹnu onísúkúrúù tí lẹ́ǹsì yín ní) tí kò ní gíláàsì nínú. Àyè tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ibi tí àwòrán ń bọ́ sí lára Nikon jẹ́ 46.5mm, M42 sì fẹ́ 45.46mm, torí náà lẹ́ǹsì yẹn ò ní lè mú ohun tó jìnnà réré, àmọ́ òdòdó iwájú ilé ò jìnnà, ó máa mú un. Ẹ ti bọ́tìnnì ara lẹ́ǹsì sí Manual, kí kámẹ́rà náà wà ní M, torí D5600 ò ní bá yín wọn ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ẹ máa yà, ẹ máa wò, ẹ máa tún un ṣe ni. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi í sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà yẹn, kí ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ lẹ́ǹsì tó mọ́.