Ìdánwò wo ni kí n fi wọn bí ara ọmọ pírámárì ṣe ń dúró déédéé lórí ìrìn? Èsì tèmi rèé

Àbúrò mi tó béèrè pé èwo ló dáa láti fi wọn bí ara ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ṣe ń dúró déédéé tí wọ́n bá ń rìn, àwọn ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe o, pé ṣé TUG (Timed Up and Go, tí wọ́n fi ń ka iye àkókò tí ọmọ fi dìde, tó rìn, tó sì padà jókòó) ni àbí Y Balance (tí ọmọ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó fi èkejì nà sí ọ̀nà mẹ́ta), àti pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ṣe é: o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí fi ojú mi rí màbo n'Íbàdàn nígbà tí mò ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì físíò, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Kó o tó yan ohunkóhun, tí súpáfáísọ̀ rẹ bá ní Pediatric Balance Scale (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní máàkì lórí bó ṣe ń dúró déédéé) ni kó o lò, tètè sọ fún un pé kò bá ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe mu, kó tó fọwọ́ sí pírọ́pósà. Súpáfáísọ̀ tèmi ò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ta ni mo jẹ́? Ara ìwọ̀n Berg, tí wọ́n fi ń wo bí àgbàlagbà ṣe ń dúró déédéé, ni wọ́n ti mú ìwọ̀n ọmọdé yìí jáde. Iṣẹ́ 14 ló wà nínú ẹ̀, òdo sí mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 56. Àwọn ọmọ tí ara wọn ní ìpèníjà díẹ̀ ni Franjoine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe é ní lọ́kàn ní 2003. Ọmọ tó ń fo gọ́tà láti ilé dé ilé-ìwé, o ní kó dìde lórí àga, kó jókòó padà, kó yí po, kó mú nǹkan nílẹ̀. Kí lo rò pé ó máa gbà? 56. Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? 56. Ọ̀kan gba 55 torí pé ẹ̀rín ń pa á nígbà tó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Tí ọmọ bá fi máa pé ọdún méje, ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba gbogbo máàkì náà tán.

Mo gbé ìwé lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Sà, iye kan náà ni gbogbo wọn gbà, kí ni mo fẹ́ ṣírò níbẹ̀?" Ó wo ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó ní mi ò wo àwọn ọmọ náà dáadáa ni, kí n padà lọ. Mo padà lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fún mi láyè tẹ́lẹ̀ ní ìdánwò tẹ́ẹ̀mù ti dé. Àwọn òbí tó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ń béèrè pé ṣé abẹ́rẹ́ la tún fẹ́ gún ọmọ àwọn ni. Owó ọkọ̀, owó fọ́tọ́kọ́pì, owó bisikíìtì tí mo fi ń tan àwọn ọmọ, àpò mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí mo wá lọ gbèjà iṣẹ́ náà, ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu níbẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mo fi ìwọ̀n aláìsàn wọn ọmọ tí ara ẹ̀ dá. Ọ̀gá mi jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Inú ṣì ń bí mi.

Ó dáa, TUG. Podsiadlo àti Richardson ló gbé e jáde ní 1991 fún àwọn arúgbó, Williams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe fún ọmọdé ní 2005. Ọmọ á dìde lórí àga, á rin mítà mẹ́ta, á yí padà, á wá jókòó. Ìyẹn ò le. Àga ló le. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn, kó má ní apá, kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún rẹ̀ sì ká ní igun 90. Gbé ọmọ ọdún mẹ́fà sórí àga tíṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì dirodiro, fífò ló máa fò bọ́ sílẹ̀, kò ní dìde. Wá àga tí gíga wọn yàtọ̀ síra lọ́wọ́.

Má sì sọ pé "ó yá!" Ọmọ tó bá ti gbọ́ "ó yá" báyìí, eré ló máa sá, pàápàá tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń yọjú lójú fèrèsé tí wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì ya ìràwọ̀ sára ògiri, ní kó rìn lọ fọwọ́ kàn án, kó padà wá jókòó. Ọ̀dọ̀ Williams wọn ni ìyẹn ti wá. Ìgbà tí ìdí ọmọ bá kúrò lórí àga ni kí aago bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó o sọ̀rọ̀. Tí ìdí bá tún kan àga, dá a dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí òbí, ẹ má kọ "ìdánwò" síbẹ̀, ẹ kọ pé ẹ fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lè dá a padà nítorí kọ́mà kan, ẹ fara dà á. Ẹ má sì wọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá dé, tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Y Balance: má ra ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ téèpù mẹ́ta mọ́lẹ̀: ọ̀kan síwájú, méjì sẹ́yìn, kí igun àárín àwọn ẹ̀yìn jẹ́ 90, kí tiwájú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 135. Ọwọ́ ní ìbàdí, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, kó fi èkejì nà dé ibi tó bá lè nà dé. Wọn ẹsẹ̀ ọmọ láti orí egungun iwájú ìbàdí dé kókó inú ọrùn ẹsẹ̀, fi pín ohun tó nà, kó o wá sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Láìṣe bẹ́ẹ̀, gíga ọmọ lo wọ̀n. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà á yọ ẹ́ lẹ́nu níbẹ̀, gìgísẹ̀ wọn kì í dúró nílẹ̀. Má tilẹ̀ pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ìṣirò: láti 1985 ni àwọn olùwádìí Shumway-Cook àti Woollacott ti fi hàn pé ara ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ṣì ń kọ́ bó ṣe ń dúró, tí ti méje sí mẹ́wàá sì ti ń jọ ti àgbà.

Ti iye ìgbà tó o béèrè: TUG, jẹ́ kó fi ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ọ, kó wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Y Balance, kó kọ́ ọ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kó o tó kọ mẹ́ta sílẹ̀. Láìwọ bàtà, gbogbo wọn.