Ṣé ọgbọ́n ni àbí àlùmọ̀kọ́rọ́yí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà Sunday school ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí. Pásítọ̀ kan tó wá wàásù fún wa ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi sọ pé Ìwé Mímọ́ ń sọni di ọlọ́gbọ́n, òun náà ni wọ́n fi pe ìtàn ẹ̀tàn. Mo ní irọ́ ni, ni àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ má bínú, pásítọ̀ ló jàre. (Gbogbo purofẹ́sọ̀ tó kún Èkìtì yìí, ẹ ò rí ẹnì kan bi kẹ́ ẹ tó jiyàn!) Sophizō lọ̀rọ̀ ọ̀hún, ara sophos tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n ló ti wá. Ní 2 Tímótì 3:15, sophisai ló wà níbẹ̀, láti sọni di ọlọ́gbọ́n, kò sí jìbìtì kankan nínú ẹ̀. Ẹ wá ṣí 2 Pétérù 1:16, sesophismenois lẹ máa bá, ìtàn tí ẹnì kan jókòó fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ hun. "Se" iwájú yẹn, kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ ni wọ́n tún pè, bí àwa náà ṣe ń sọ gbọ́n di gbígbọ́n, àmọ́ tiwọn ń fi hàn pé wọ́n ti ṣe nǹkan ọ̀hún tán ni. Kì í ṣe "se" ló bà á jẹ́ o, torí Hesiod, akéwì Gíríìkì tó ti wà ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú Jésù, sọ pé òun kì í ṣe sesophismenos nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ni pé òun ò mọ iṣẹ́ yẹn, ó parí.

Ọ̀rọ̀ tó bá bá a rìn ló ń sọ èyí tó jẹ́. Àwa náà ṣáà ń ṣe é, tí wọ́n bá ní ọmọ yín gbọ́n inú yín á dùn, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ ẹbí, tí bàbá àgbà bá mirí tó ní "lágbájá mà gbọ́n o", ṣé ìyìn nìyẹn?

Èyí tí kò ní ojúure rárá ni katasophizomai. Kata yẹn ló sọ ọ́ di ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tẹ ẹlòmíì mọ́lẹ̀, òun ni Ìṣe 7:19 fi sọ ohun tí Fáráò ṣe fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú ti Fáráò jáde. Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè síwájú.