Sí olùkọ́ tuntun tó béèrè bóyá kí òun máa ti Ìlọrin lọ síbi iṣẹ́

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù Kwara ti gbà yín, Tanke nílùú Ìlọrin ni ẹ̀yin àti ìyàwó yín ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀ ni tàbí kí ẹ gba ilé lọ́hùn-ún, àti bóyá àyè á wà fún oko ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ràn. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, Ìlọrin ni mo ti ń lọ.

Ti ìwé ìgbanisíṣẹ́, àyẹ̀wò ara àti àkáǹtì, ìyẹn ò le. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ẹ kó o dání, ó parí.

Nígbà tí mo ń ti Ìlọrin lọ, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán báyìí, ó di Ọ̀fà Gàréèjì. Ọkọ̀ ò ní gbéra àfi tó bá kún. Ẹ ó kọjá Gánmọ, ẹ ó kọjá Ìdófìàn, tí ẹ bá fi máa dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ibi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti yà kúrò lára ọ̀nà Òmù-Àrán, ó ti ń rẹ̀ yín. Tí ọkọ̀ bá takú lọ́nà, kíláàsì aago mẹ́jọ ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn ló fẹ́ẹ̀ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Máàkì ni.

GSE, ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣe NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, tó lè fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ 312 nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, kò sí makirofóònù. Ní sáà kan lọ́dún 2014, mo fi òru mẹ́sàn-án máàkì ìwé wọn, nítorí pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń wọlé. Ọmọ mi kejì ń ṣàárẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, èjìká mi ló ń sùn sí, bírò pupa wà lọ́wọ́ mi kejì. Nígbà tí mo parí, mo kó máàkì sínú àpò ìwé, mo sáré wá ọ̀gá tó ń mójú tó ìdánwò nílé-ìwé tí mo wà nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń ti ilẹ̀kùn. Ó gbà á, ó fi í sí abíyá, ó ní kò séwu. Ọkọ̀ tó ń padà sí Ìlọrin ni mo ń lé, n ò gba ìbuwọ́lùwé kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ 87 ló ní ABS níwájú orúkọ, bí ẹni pé wọn ò jókòó ṣe ìdánwò rárá. Ọ̀gá yẹn ní ojú ìwé mẹ́ta péré lòun gbà. Márùn-ún ni mo fún un! Wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màdáàmù, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ fún un?" N ò rí ẹni tọ́ka sí. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi òun ní ohunkóhun. Títí dòní, inú mi ò tíì yọ́ sí ìgbìmọ̀ yẹn.

Wọ́n ní kí n lọ wá ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ náà nínú sítọ̀, kí n tún máàkì kọ. Òrùlé sítọ̀ yẹn ń jò. Páálí kan ti mumi, ìwé ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé ẹ̀kọ tó gbẹ. Mo kó wọn wálé, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ káàkiri pálọ̀, mo tan fáànù sí wọn, a ò lè gba ibẹ̀ kọjá fún ọjọ́ méjì. Ọmọbìnrin kan wà tó fi bírò olómi kọ tirẹ̀: gbogbo ohun tó kọ ti di omi aró, kò sí gbólóhùn kan tí ojú lè kà. Ṣùgbọ́n bírò pupa tèmi ò ṣí. 14 wà lábẹ́ ìbéèrè kìíní, 11 wà lábẹ́ ìkejì, 16 lábẹ́ ìkẹta. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Máàkì iṣẹ́ àárín sáà, tí wọ́n ń gbà lórí 40, wà nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí mo ń fọwọ́ kọ, ìyẹn ló kó gbogbo wọn yọ.

Nítorí náà, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan fún sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò máàkì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ iye ojú ìwé sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú, kó kọ déètì àti aago. Tó bá ní òun ń kánjú, ẹ gbé e padà sílé. Àwọn kan máa ń wá ṣe sẹ́mínà fún wa nípa bí èèyàn ṣe ń pín àsìkò sí iṣẹ́ àti ilé, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ eléyìí fún mi rí.

Ẹ má gba iṣu, ẹ má gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí èsì tó jáde, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ilé yín. Tí wọ́n bá rán yín lọ wo àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, láwọn abúlé, owó àpò yín ni ẹ ó kọ́kọ́ fi wọ ọkọ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Àyè wà, àṣálẹ́ ni mo máa ń bomi rin gbúre àti tẹ̀tẹ̀ tèmi, kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ yí i ká, nítorí ewúrẹ́ àdúgbò.

Ti ilé, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, n ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú mọ́ pé kó máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gba yàrá kan lọ́hùn-ún, kí ẹ máa sùn síbẹ̀ láti Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ dúró ní Tanke títí ọdún ilé-ìwé wọn á fi parí. Ẹ wá ilé tó ní kànga tirẹ̀, ẹ sì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù, bóyá ó máa ń gbẹ nínú oṣù Kejì.