Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ló dé tí aspect mi kì í gbọ́ gbogbo àyípadà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kíláàsì Java àtijọ́ pọ̀ nínú ètò ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mi ò fẹ́ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá kọ aspect kan (kóòdù tó dá dúró, tó ń ṣọ́ ohun tí kíláàsì míì ń ṣe) nínú Spring, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò Java, kó máa kéde nígbàkígbà tí setter, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi iye tuntun sínú kíláàsì, bá yí iye padà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbì kan, kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ṣé kí n gbé Spring tuntun sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun. Ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, ibi kan náà ni gbogbo yín sì ti ń ṣìnà: ẹ rò pé Spring wọ inú kíláàsì yín lọ tún un kọ. Kò débẹ̀ rárá! Aṣojú kan tí wọ́n ń pè ní proxy ni Spring gbé dúró síwájú bean, ìyẹn ohun tí Spring fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Bíi mégádì ló rí: ó ń rí ẹni tó gba géètì wọlé, kò lè rí ẹni tó ti pálọ̀ lọ sí kíṣìnnì. Bí `sanOwo()` bá pe `setIye()` nínú kíláàsì kan náà, aspect yín kò ní gbọ́. Bó bá kọ `this.iye = iye + owo` tààrà, kò ní gbọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tí ẹ fi `new` dá, tàbí tí Hibernate, irinṣẹ́ tó ń sọ dátà di ohun Java, gbé wá láti inú dátábéèsì, kì í ṣe bean, nítorí náà kò ní aṣojú kankan níwájú. Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíláàsì owó yín wà.

Àwọn kan ń kọ́ni pé kí bean gba ara rẹ̀ sínú ara rẹ̀, kó lè máa gba ọ̀dọ̀ proxy kọjá. Inú máa ń bí mi sí i. Kò ran ohun tí `new` dá lọ́wọ́, ó sì ń ba kóòdù jẹ́.

AspectJ gan-an, àfikún sí èdè Java, lẹ nílò, èyí tí Gregor Kiczales àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Xerox PARC ní Amẹ́ríkà. Inú bytecode (kóòdù tí kọ̀ǹpáílà mú jáde) kíláàsì yín ló ń hun ìkéde náà mọ́, yálà nígbà tí ẹ bá ń kọ̀ǹpáìlì tàbí nígbà tí JVM, ohun tó ń mú ètò Java ṣiṣẹ́, bá ń gbé kíláàsì wọlé. Pointcut (ìlà tó ń sọ ibi tí aspect yóò ti máa ṣọ́) `set(* Akanti.*)` ni kí ẹ lò, ẹ fi orúkọ kíláàsì yín rọ́pò `Akanti`, ẹ fi `execution(* set*(..))` sílẹ̀. Field fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi tí kíláàsì ń tọ́jú iye sí, ni ti àkọ́kọ́ ń ṣọ́. Aspect náà tún lè fún kíláàsì yín ní `PropertyChangeSupport` tó ń kéde àyípadà, àti `addPropertyChangeListener` tí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìkéde fi ń forúkọ sílẹ̀, láìṣí fáìlì rẹ̀. Nínú `around`, apá aspect tó yí àyípadà náà ká, ẹ ka iye àtijọ́, ẹ pe `proceed` kí àyípadà náà lè wáyé, kí ẹ tó pe `firePropertyChange`. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba tí wọn kì í ṣe null, kò ní kéde.

Ẹ ṣọ́ra o. `List.add` kì í yí field padà, kò ní gbọ́ ọ. Ohun tí reflection, ọ̀nà tí Java fi ń yí field padà nípa orúkọ rẹ̀, bá kọ, kò ní rí i. Ẹ yọ constructor, kóòdù tó ń dá ohun tuntun, kúrò nínú ohun tí aspect ń ṣọ́, kó má baà kéde ohun tí kò tíì parí. Mi ò rí kóòdù yín, owó ẹlòmíràn ló sì wà nínú rẹ̀: orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti dán an wò. Bó bá jẹ́ kíláàsì mẹ́ta péré ni, ẹ gbàgbé aspect, ẹ fọwọ́ kọ ìkéde náà sínú setter, kí ẹ sì rí i pé kò sí ohun mìíràn tó ń kọ sínú field náà.