Rọ́bà kick shaft tó ń bọ́: ẹ wo abẹ́ kílíìpù ná

Bọ̀dá tó ní Corolla 2005, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà kick shaft iwájú lápá òsì (ìyẹn rọ́bà tó bo jọ́ìńtì, ibi tí ṣáàfù tó ń gbé agbára gíà lọ sí táyà ti ń ká, kí gíríìsì má jáde, kí yanrìn má wọlé), ó fi wáyà dè é, kò pẹ́ kò jìnnà gíríìsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n sínú rímù, ẹ wáá fẹ́ tún un dè fúnra yín nílé, ẹ ò sì mọ̀ bóyá cable tie, okùn ike yẹn, ni kẹ́ ẹ lò àbí hose clip, kílíìpù onísíkúrù. Ẹ jẹ́ n dáhùn èyí tẹ́ ẹ béèrè ná. Wáyà, rárá o. Cable tie lè gbé yín délé tí rọ́bà bá tú lójú títì, ẹ má fi sílẹ̀ síbẹ̀ ṣá. Hose clip, ibì kan ṣoṣo ni mo lè gbà kẹ́ ẹ fi í sí, màá sọ ibẹ̀. Kílíìpù olétí ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn èyí tó ní etí kékeré tó yọ síta tí wọ́n máa ń fún pọ̀ kó lè há.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó sí kílíìpù, ẹ gbọ́ èyí. Mo ti tú ṣáàfù tó pọ̀ nínú kọ́ḿpáǹdù wa, ti èmi, ti àbúrò mi, ti àwọn aládùúgbò tí wọ́n rò pé mo gbọ́ iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ, èyí tí mo bá tí rọ́bà ẹ̀ ti yọ kúrò níbi tó yẹ kó wà, kílíìpù ẹ̀ kì í sábà já, ó máa wà níbẹ̀ gbagidi, rọ́bà ló máa yọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó sì fà á ni gíríìsì tó wà láàárín rọ́bà àti irin. Bí ẹni ń so okùn mọ́ ẹja àrọ̀ ni, bẹ́ ẹ ṣe ń fún un náà ló ń yọ̀.

Ẹ wo ara ṣáàfù yẹn tẹ́ ẹ bá ti tú rọ́bà kúrò. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí i po, ẹ̀yìn ife jọ́ìńtì, irin bí ife tó wà lórí ṣáàfù, náà ní tiẹ̀. Etí rọ́bà, ìyẹn ẹnu ẹ̀ lápá méjèèjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, inú ẹ̀ ní ìlà tó wú jáde, ìlà yẹn ló máa jókòó sínú kòtò yẹn. Tí kò bá tíì jókòó, kò sí kílíìpù tó fẹ́ mú un dúró. Ẹ nu kòtò náà, ẹ nu inú etí rọ́bà náà, títí tí àkísà funfun á fi jáde ní funfun. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi kẹrosíìnì tàbí dísù fọ jọ́ìńtì, ìyẹn dáa fún kíkó gíríìsì àtijọ́ àti yanrìn kúrò, àmọ́ méjèèjì máa ń fi òróró díẹ̀ sílẹ̀, òróró yẹn ló sì máa bá yín jà lẹ́yìn náà. Brake cleaner, omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, ni mò ń fi parí ẹ̀. Tẹ́ ò bá ní, ẹ fi pẹtiróòlù díẹ̀ sára àkísà nu irin nìkan, níta gbangba, kó jìnnà sí iná, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ má fi kan rọ́bà torí ó máa ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi kó gíríìsì náà, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó di rọ́bà mú. Ibí ni gbogbo wa ti máa ń kánjú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú wàhálà tó ń bá kílíìpù yẹn wò. Tó bá jẹ́ 195/65R15 ni táyà yín, yípo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, ìyẹn ni pé ṣáàfù ń yí nǹkan bí ìgbà 500 nínú kìlómítà kan. Ìbàdàn sí Èkó lé ní 120 kìlómítà, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní ìgbà 60,000 lálọ nìkan, rọ́bà ń yí, ó sì ń ká kò, ó ń nà, lórí gbogbo kòtò tó wà lọ́nà. Wáyà tín-ín-rín, ṣe ló máa máa rẹ́ rọ́bà díẹ̀díẹ̀, orí tí wọ́n lọ́ pọ̀ yẹn náà sì yọ síta. Cable tie, tẹ́ ẹ bá fà á tán ó ṣì máa ń padà díẹ̀, ooru tún máa jẹ́ kó gan, ó máa já lọ́jọ́ kan. Hose clip ní tiẹ̀, orí síkúrù ẹ̀ wúwo ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í sì í fún ibi gbogbo dọ́gba, abẹ́ orí yẹn ni gíríìsì ti máa ń wá ọ̀nà jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, orí yẹn lè máa gbá nǹkan tó bá sún mọ́ ọn, wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì) wà nítòsí ibẹ̀ fún àwọn mọ́tò tó ní i. Ibi tí mo lè gbà kó wà ni etí ńlá rọ́bà ti ẹ̀gbẹ́ gíà, níbi tí àyè bá wà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ yí ṣáàfù po tẹ́ ẹ rí i pé kò kan ohunkóhun, àní bẹ́ẹ̀ náà ẹ ṣì wá kílíìpù gidi tẹ́ ẹ bá ráyè.

Ẹ tún fi èékánná tẹ rọ́bà tẹ́ ẹ rà. Èyí tó rọ̀ bíi tiúbù, kílíìpù lè mú un láìní agbára púpọ̀, àfún-jù gan-an ló máa gé e. Èyí tó le, tó ń dán, tó dà bíi ike, thermoplastic nìyẹn, ìyẹn ń fẹ́ kílíìpù irin tó fún un dáadáa, cable tie ò lè ṣe nǹkan kan fún un rárá. Mo rí àwọn tí wọ́n fi táì méjì, mẹ́ta, dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gíríìsì ṣì ń jáde.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún etí kílíìpù wà lọ́jà, àmọ́ pínsà tí kápẹ́ńtà fi ń fa ìṣó ń ṣe é, tí ẹnu ẹ̀ bá ti kú díẹ̀. Èyí tó mú ṣáṣá máa gé etí náà sọnù. Ẹ dì í mú lẹ́sẹ̀ etí, ẹ fún un kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, kílíìpù ò gbọdọ̀ ṣeé fi ọwọ́ yí. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti pàdé tó ṣì ń yí, kílíìpù yẹn ti tóbi jù, ẹ má lu ú, ẹ má fi nǹkan kún abẹ́ ẹ̀, ẹ lọ gba èyí tó kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kù, ọ̀pọ̀ ò sì kà á sí. Etí ńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dè lẹ́yìn tí gíríìsì bá ti wọlé, kẹ́ ẹ wáá ti sikirudiráfà tín-ín-rín tí ẹnu ẹ̀ ò mú sábẹ́ etí kékeré, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú jáde, kí rọ́bà sì dúró bó ṣe yẹ, kó má wú kó má sì sán. Ti ẹ̀gbẹ́ gíà pàápàá, torí jọ́ìńtì yẹn ń wọlé ó ń jáde, ẹ gbé e sí àárín kẹ́ ẹ tó dè é. Ẹ wo ojú rọ́bà náà kí àwọn ìlà ẹ̀ má lọ́, torí tó bá lọ́, ibẹ̀ ló ti máa ya. Gíríìsì náà, èyí tó bá rọ́bà wá nínú páálí ni kẹ́ ẹ lò, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì bù kún un, gíríìsì béárìnì lásán kọ́ ni jọ́ìńtì yẹn ń fẹ́, ó ń fẹ́ èyí tó ní molybdenum nínú.

Ti títú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má gbé orí sábẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáákì nìkan, ẹ fi stand sí i. Náàtì àárín, sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 ló gbà á, wọ́n ti tẹ etí ẹ̀ wọ inú kòtò ṣáàfù, ẹ gbé etí yẹn sókè kẹ́ ẹ tó tú u, kí táyà sì ṣì wà nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú u. Tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, 216 Nm, ìwọ̀n bó ṣe gbọ́dọ̀ há tó, ni Toyota ní kí wọ́n fi dè é. Tó bá jẹ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ táyà lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ̀gbẹ́ gíà lẹ máa tú, ẹ fi pẹ́ńtì sàmì sí tripod (irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú jọ́ìńtì ẹ̀gbẹ́ gíà) àti ṣáàfù kẹ́ ẹ lè dá a padà bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wáá ti rọ́bà náà gba ibẹ̀ wọlé. Rọ́bà tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ torí kí ẹnikẹ́ni má baà tú ṣáàfù, èmi ò gbà á gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí ṣá, ẹ wa mọ́tò yín yí po níbi tó gbòòrò, kẹ́ ẹ ká sítárìn-ín débi tó lè ká dé. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kó-kó-kó, yanrìn ti jẹ bọ́ọ̀lù inú ẹ̀, rọ́bà tuntun ò lè wò ó sàn, owó rọ́bà yẹn ẹ fi kún owó ṣáàfù tokunbo. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London sọ pé lọ́dọ̀ tiwọn, rọ́bà tó ya tí ìdọ̀tí lè gbà wọlé ti tó láti jẹ́ kí mọ́tò fìdí rẹmi nínú MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún tiwọn, jọ́ìńtì ì báà máà tíì dún. Àwa kì í wò ó títí á fi dún.

Tẹ́ ẹ bá ti wà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún yọ táyà, ẹ fi ìka nu abẹ́ kílíìpù méjèèjì. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe nǹkan, gíríìsì dúdú tó ṣù ni kẹ́ ẹ máa wá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọjà Ladipo l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn, ẹ mú rọ́bà àtijọ́ dání kí wọ́n fi wé tuntun níṣojú yín, kẹ́ ẹ sì tú páálí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: rọ́bà, kílíìpù ńlá, kílíìpù kékeré, gíríìsì nínú ọ̀rá. Èyí tí wọ́n bá ti yọ kílíìpù kúrò nínú ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.