Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ò tó láti dá darí ìpàdé

Ẹ béèrè bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìdájọ́ àtúnṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní restorative justice, tó fún òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn láti máa mú ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó pọ̀. Kò tó. Ohun tó tó fún ni kí ẹ jókòó ti ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ máa wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti bá wọn kọ́ ọlọ́pàá, lọ́yà àti nọ́ọ̀sì.

Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń lo àkókò jù lórí ìpàdé fúnra rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń to àga, ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbéèrè tó kàn. Ìyẹn ò le. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìgbà tí ẹ bá ń lọ bá kálukú lọ́tọ̀, kí wọ́n tó fojú rinjú. Wọ́n á sọ ìtàn ìlú Elmira fún yín, ní Kánádà lọ́dún 1974, nígbà tí adájọ́ ní kí ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ba dúkìá 22 jẹ́ lọ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ nílé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ìtàn dáadáa ni, àmọ́ ńṣe ni wọ́n kàn lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi lónìí, kò ní darí ìpàdé mọ́.

Wọ́n fọ́ ilé obìnrin kan. Iye ohun tí wọ́n jí ló kún inú fáìlì rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó tì í, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé olè náà wọ yàrá tí àwọn ọmọ òun ń sùn sí? Ọmọkùnrin tó jalè náà, ní tirẹ̀, ti ní lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́yà ló bá a kọ ọ́, èdè rẹ̀ sì dùn, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ yàrá ọmọ nínú rẹ̀. Ó pẹ́ ká tó débi tó ti lè dáhùn ìbéèrè yẹn láì wolẹ̀. Ká ní a ti sáré kó wọn jọ ni, lẹ́tà yẹn ni ì bá kà fún obìnrin náà, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe tẹ́lẹ̀ tún máa ń dí i lọ́wọ́. Lọ́yà á máa bi ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn sínú. Ọlọ́pàá á máa wá ìjẹ́wọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ẹ má bínú, ẹ kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí omijé bá ti bọ́ báyìí, ẹ ti na ìnujú, ẹ ti ní ó ti tó. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ má sọ pé ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tí jìnnìjìnnì ti bò lè má rántí bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra, ó tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, kì í ṣe pé irọ́ ló ń pa. Ní ti ìdáríjì, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò bá dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ yín ní ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ọdún 2002 àti òfin Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2012 sọ ọ́ kedere pé ìfẹ́ inú ẹni ló ń múni wá, àti pé èèyàn lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Olùkọ́ tí kò bá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gba "rárá" láì rọni, ẹ sá fún un. Ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń lu aya ńkọ́? Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án rárá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, torí ẹ̀rù lè mú kí èèyàn sọ pé òun gbà.

Ẹ tún bi wọ́n ta ni yóò máa pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, láti mọ̀ bóyá wọ́n mú àdéhùn ṣẹ. Níbì kan tí mo ti béèrè, wọ́n ní iṣẹ́ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Mi ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.